Àtúnṣe Òfin Ìwọlé-Wọ̀de Amẹ́ríkà: Àpò Ta Ló Máa Ná?

Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tá a ń gbé lókè Ọya la ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì tíì ní ìwé ìgbélùú. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti dárúkọ àtúnṣe òfin ìwọlé-wọ̀de níbẹ̀, ariwo méjì la máa ń gbọ́. Apá kan á ní owó orí aráàlú ló máa tán sórí àlejò. Apá kejì á ní àlejò gan-an ló máa bù kún àpò ìjọba. Àwọn méjèèjì ló ní ìṣirò lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n wọn ni ò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lóṣù kọkànlá ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu òfin kan tó fún àwọn tí ò ní ìwé láyè láti gbà á. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 èèyàn ló tipa rẹ̀ rí ìwé gbà. Dọ́là 185 ni àgbàlagbà kan san fún fọ́ọ̀mù, ìdílé kan ò sì ní san ju dọ́là 420 lọ. Owó fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìwé náà lé. Ṣùgbọ́n ìnáwó ò parí síbẹ̀. Ẹni tó gba ìwé á mú ọmọ lọ síléèwé, á lọ sílé ìwòsàn, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ni ẹrù náà sì máa kọ́kọ́ já lé. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣètò bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́rin, láti ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Òfin ọ̀hún ò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba ìwé fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọdún márùn-ún.

Ọdún 2013 ni ariwo tó pọ̀ jù wáyé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbé àbá òfin kan jáde tó máa fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 èèyàn lọ́nà láti gba ìwé. Congressional Budget Office, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣírò owó, jókòó tì í. Wọ́n ní láàárín ọdún mẹ́wàá, ìnáwó ìjọba àpapọ̀ máa fi bílíọ̀nù 262 dọ́là lé sí i, àmọ́ owó tó ń wọlé máa fi bílíọ̀nù 459 lé sí i. Tí wọ́n bá tún yọ bílíọ̀nù 22 tí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ òfin náà, èrè tó kù jẹ́ bílíọ̀nù 175. Ní ọdún mẹ́wàá kejì, ó máa tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 700.

Lọ́dún kan náà, Heritage Foundation sọ pé rárá o, tírílíọ̀nù 6.3 dọ́là ló máa ná aráàlú.

Báwo ni èrè ṣe di gbèsè báyẹn? Ẹni tó bá ń tajà máa tètè mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ra jẹnẹrétọ̀ ńlá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí, tẹ́ ẹ ka owó lọ́la, gbèsè lẹ máa rí. Ẹ dúró di ọdún kẹta, ìṣirò máa yí padà. Ẹ tún dúró di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbó, ó lè tún yí. Ogún ọdún ni CBO wò. Àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn náà ṣì lágbára, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń san owó orí, wọ́n sì máa dúró fún ọdún mẹ́wàá kí green card tó dé ọwọ́ wọn. Heritage wò ó títí dọjọ́ ogbó, nígbà tí wọ́n á máa gba owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú. Lójú tiwa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n Heritage ò ka àwọn òṣìṣẹ́ tuntun tí òfin náà máa jẹ́ kí wọ́n wọlé, CBO kà wọ́n. CBO náà sì rèé, àpò ìjọba àpapọ̀ nìkan ló wò, kò wo ti ìpínlẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń pa pọ̀ mọ́ ọn. Láti ọdún 1982 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ lé ọmọ tí ò ní ìwé kúrò níléèwé ìjọba. Owó iléèwé tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, wọ́n ti ń ná an tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe kọ́ ló mú un wá.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa tá a wà ní Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, ìpínlẹ̀ tá à ń gbé ló ń gba owó orí wa lábẹ́ òfin, kì í ṣe ìpínlẹ̀ bàbá wa. Síbẹ̀ tọ́rọ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú, wọ́n á ní ká lọ mú ìwé wá láti ilé.

Àwọn tí ò ní ìwé ní Amẹ́ríkà náà ò dákẹ́ láìsan nǹkan kan. Institute on Taxation and Economic Policy ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2022, wọ́n san bílíọ̀nù 96.7 dọ́là ní oríṣiríṣi owó orí. Bílíọ̀nù 25.7 nínú rẹ̀ wọ àpò Social Security, owó ìfẹ̀yìntì tí ọ̀pọ̀ wọn ò ní lè gbà. Tí wọ́n bá gba ìwé iṣẹ́, àwọn kan náà ní owó orí yẹn máa fi bílíọ̀nù 40.2 lé sí i lọ́dọọdún.

Àbá ọdún 2013 ò di òfin. Ìbò 68 sí 32 ló fi wọlé nílé àgbà, ṣùgbọ́n ilé aṣojú-ṣòfin ò gbé e sí ìbò rárá. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí yín pé òun máa bá a gba ìwé lábẹ́ òfin yẹn, irọ́ ni. Èyí tó wúlò ni pé kí wọ́n tọ́jú rísíìtì ilé, ìwé owó oṣù àti ìwé owó orí wọn. Lọ́dún 1986, ẹni tó fẹ́ ìwé ní láti fi hàn pé òun ti ń gbé Amẹ́ríkà láti ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1982. Àbá ọdún 2013 náà, ẹni tó bá jẹ gbèsè owó orí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san án, kó sì tún fi owó ìtanràn dọ́là 500 lé e.