Ẹyẹlé Ìyá Àgbà

Ìkòkò amọ̀ mẹ́rin ni ìyá bàbá mi so sábẹ́ òrùlé ilé wa ní Ìgbàjà. Ẹyẹlé ló ń gbé inú wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyá Àgbà á ti bu ọkà bàbà sínú agolo, á mì ín lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn á ya wálẹ̀ yí i ká.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ẹyẹlé tó ń tọ́mọ á mọ ìdí tí àwọn baba wa fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹyin méjì ló sábà máa ń yé. Takọtabo ló ń sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 18, akọ lọ́sàn-án, abo lálẹ́ mọ́jú. Bí wọ́n bá pa á tán, ọmọ á ti ẹnu bọ ọ̀fun òbí rẹ̀, á máa mu ohun kan tó dà bí wàrà. Ti bàbá ń jáde, ti ìyá ń jáde. Adìẹ tó kún àgbàlá wa kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹyẹ yìí ni àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìṣílé, pé tọ̀tún tòsì ni ẹyẹlé fi ń kó ire wọlé. Wọlé ni wọ́n wí. Ẹyẹlé náà ni wọ́n fi ń bọ Orí. Ẹ̀sìn tó dé lẹ́yìn kò sì lé e jáde. Láti 1941 ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Bíbélì ti àwọn míṣọ́nnárì SIM, tó di ti ìjọ ECWA lónìí, ti wà ní Ìgbàjà. Àwọn onígbàgbọ́ ń kà nínú Lúùkù pé ọmọ ẹyẹlé méjì tó fún ìrúbọ àwọn òbí Jésù. Àwọn Mùsùlùmí ń sọ ìtàn ẹyẹlé tó kọ́ ìtẹ́ sẹ́nu ihò àpáta tí Ànábì Muhammad àti Abubakar sá sí nígbà Híjírà ní 622.

Ọkùnrin kan láti Òmù-Àrán ra méjì lọ́wọ́ Ìyá Àgbà nígbà kan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti padà sínú ìkòkò wọn. Ìyá Àgbà dá owó olówó padà, ó ní òun kò lè ta ohun tó mọ ilé.

Ọmọ ìkẹyìn Ìyá Àgbà wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1968, nígbà ogun abẹ́lé. Ogun parí lọ́jọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, 1970, kò bọ̀. Títí Ìyá Àgbà fi kú, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka ẹyẹlé bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kò ní dìde bí ẹyọ kan bá kù.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní náà ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ológun tó kú. Ààrẹ á tú ẹyẹ funfun sílẹ̀ ní Àbújá, àwọn gómìnà á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wọn. Àdàbà àlàáfíà ni oníròyìn ń pè é, ṣùgbọ́n ẹyẹlé ni. Àdàbà, igbó nilé tirẹ̀. Ayàwòrán Picasso pàápàá, tí àwòrán rẹ̀ gbé àdàbà àlàáfíà káyé ní 1949, ẹyẹlé tí Matisse, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fún un ló wò yà á.

Nígbà mìíràn, wọ́n á tú ẹyẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí náà, kò ní fò. Ariwo á sọ, wọ́n á ní àmì ibi ni. Èmi kò gbà. Ẹyẹ tí wọ́n rà lọ́jà, tó ti wà nínú àgò láti òru, tí kò mọ ibi tó wà, níbo ni kó fò lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ọjọ́ náà, ní Ìlọrin àti níbi gbogbo, mo bẹ̀ yín: ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sin ẹyẹlé nítòsí, ẹ yá tirẹ̀. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ilé ni yóò kọrí sí.