Ewé Tí Ń Lé Ẹ̀fọn Ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Wákàtí Mélòó Ni Agbára Rẹ̀?

Ní Òkìtìpupa, Ìkọ̀yà, Igbótako àti Ilútitun, nígbà òjò, omi a máa dúró sí ojú ọ̀nà tí táyà ọkọ̀ ti gbẹ́. Inú irú ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, tí oòrùn ń ràn sí, ni ẹ̀fọn Anopheles gambiae tí ń gbé ibà kiri fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Láti lé e, àwọn ará wa a máa fi efinrin tútù pa ara; wọn a sì sun èèpo ọsàn gbígbẹ tàbí ewé dongoyárò láti fi fín yàrá.

Àṣà yìí kì í ṣe asán. Ìwádìí ti fi hàn pé òróró inú efinrin àti koríko ọba ń lé ẹ̀fọn. Ìbéèrè tí ó kù ni bí ó ti ń pẹ́ tó lára.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí èyí ní ọdún 2009. A ó kó abo ẹ̀fọn 200 sí 250 tí a sìn ní ilé ìwádìí sínú àpótí aláwọ̀n. Akọ ẹ̀fọn kì í mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ti apá tí a kò fi òògùn pa bọ inú àpótí náà. Bí ẹ̀fọn mẹ́wàá kò bá bà lé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ebi kò tíì pa wọ́n tó, ìdánwò kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni apá tí a fi òróró pa yóò máa wọlé lóòrèkóòrè, títí ẹ̀fọn yóò fi bà lé òun náà. Iye wákàtí tí ó gbà ni a ń kọ sílẹ̀, tí a sì ń fi wé ti DEET, kẹ́míkà tí a ti mọ agbára rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ewé ti ń le. Òróró rẹ̀ a máa tètè gbẹ lára. Púpọ̀ nínú wọn kì í ju wákàtí kan tàbí méjì lọ. Ẹ̀fọn ibà ní tirẹ̀, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí ni ó ń jẹ ènìyàn jù. Ìyá tí ó fi efinrin pa ọmọ lára ní aago méje, tí ó wá tẹ́ ẹ sí ìta àwọ̀n nítorí ooru, kò ní ààbò kankan fún un ní òru. (A mọ bí ooru inú àwọ̀n ti rí, àwa náà ń sùn sínú rẹ̀.) Èéfín sì lè mú kí mímí nira fún ọmọ ìkókó.

Nítorí náà, ẹ lo efinrin ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá jókòó síta tàbí tí ẹ ń tajà lálẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ wọ inú àwọ̀n olóògùn, pàápàá aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ta ìpara ewé fún yín, ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, àti iye wákàtí tí ó fi dá ẹ̀fọn dúró nígbà tí a dán an wò.