Orúkọ Kan fún Ohun Kan

Ìtàn ọba àti ti jagunjagun ni ẹ sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu mi ní irú àkókò yìí. Ìtàn bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni mo mú wá lónìí, ìtàn ìwé àti orúkọ. Ẹ má tíì pa rédíò o, nítorí ìlú kan jóná nínú ìtàn náà, ọkọ̀ kan sì sọnù sí ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan: kí ni ọkà? Ẹ bi ará Ìbàdàn, yóò ní òkèlè tí a fi èlùbọ́ rò ni. Ẹ ṣí Bíbélì, ọkà tí Jósẹ́fù kó pamọ́ ní Íjíbítì kì í ṣe òkèlè rárá, irúgbìn ni. Àgbẹ̀ tí ó gbin ọkà bàbà náà ní èyí tí ó ń wí. Ní ìhà kejì ẹ̀wẹ̀, ohun tí àwọn kan ń pè ní àgbàdo ni àwọn mìíràn ń pè ní yangan. Orúkọ kan, ohun mẹ́ta. Ohun kan, orúkọ méjì. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. A ó bi ara wa léèrè, a ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá wà ní Norway, tí ẹni tí ń gbọ́ wà ní Japan, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ti páìpù tí epo gbígbóná ń gbà kọjá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀rín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ìlú Ọba, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gé bóòtì tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ẹ mọ bóòtì: irin tí a fi ń de apá ẹ̀rọ kan mọ́ èkejì, tí ìlà kan yí ká lára láti ìdí dé òkè bí ìlà ara ìkarahun ìgbín. Nọ́ọ̀tì tí ń wọ̀ ọ́ ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ìlà méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, kò sí agbára apá tí yóò dè wọ́n. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀tì kan bá já bọ́ lára ẹ̀rọ ní ọ̀nà jíjìn, àfi kí oní-ǹkan ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ṣe é, tàbí kí ó wá ẹni tí yóò fi ọwọ́ gé òmíràn.

Joseph Whitworth ni ó dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. Stockport ni a ti bí i ní 1803, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní London lọ́dọ̀ Henry Maudslay, ẹni tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ irin ìgbà náà ń wárí fún. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwà Whitworth ni pé kò jókòó sí yàrá rẹ̀ kí ó máa fi orí ara rẹ̀ ro bóòtì tí ó dára jù lọ. Ó kó bóòtì jọ láti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú agbedeméjì ohun tí gbogbo wọn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1841 ó gbé e ka iwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní London: igun ìlà yóò jẹ́ dìgírì 55, iye ìlà tí yóò wà nínú ínṣì kan yóò sì bá ìsanra bóòtì lọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó rí gbogbo tirẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó pàdánù púpọ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbà. Ní 1864, William Sellers ti ìlú Philadelphia mú tirẹ̀ jáde, dìgírì 60, ó ní èyí rọrùn jù láti gé. Báyìí ni ayé ní èdè bóòtì méjì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà jọ ń jà ní ìhà kan, ẹ̀rọ tí a ṣe ní òdì-kejì òkun kò gba bóòtì ti ìhà ìhín. Lẹ́yìn ogun náà, ní oṣù November 1948, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Kánádà fọwọ́ sí ìwé ní Washington pé irú ìlà kan ni àwọn yóò máa lò. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ yọ 1841 kúrò nínú 1948. Ọdún 107 ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ bóòtì!

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọmọdé ni, kí ó gbọ́ ti Baltimore. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 7 oṣù February 1904, iná sọ ní àárín ìlú ńlá yẹn ní Amẹ́ríkà. Ó ju agbára àwọn panápaná ìlú lọ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ti Washington gbé ọkọ̀ wọn sórí rélùwéè, àwọn ti Philadelphia náà wá. Nígbà tí wọ́n dé, ẹnu rọ́bà omi púpọ̀ nínú wọn kò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi Baltimore, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ti gé ti ara rẹ̀. Omi wà, ọkùnrin wà, rọ́bà wà. Iná náà jó fún nǹkan bí wákàtí 30, ilé tí ó ju 1,500 lọ ni ó sì run.

Títí dé ibí yìí, irin àti irin ni kò bá ara wọn mu. Ogun Àgbáyé Kejì fi èyí tí ó le ju ìyẹn lọ hàn, èyíinì ni pé irin lè bá irin mu kí orúkọ má bá orúkọ mu. Ẹ̀ka ọmọ-ogun Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ohun kan náà ní orúkọ kan lọ́wọ́ ológun orí ilẹ̀, ó ní òmíràn lọ́wọ́ ti ojú omi. Ibùdó kan lè máa ké pé òun kò ní, nígbà tí ẹrù náà kún ilé ìkẹ́rù-sí ẹlòmíràn lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ní 1952 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ìwé kan ṣoṣo ni yóò wà, orúkọ kan àti nọ́ńbà kan fún ohun kan. Àwọn orílẹ̀-èdè NATO gba ètò náà láàárín ọdún 1950 sí 1960. Lónìí nọ́ńbà náà ní dígíìtì 13. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ ìdílé tí ohun náà ti wá, gẹ́gẹ́ bí 4320 ti jẹ́ ti pọ́ǹpù. Méjì tí ó tẹ̀ lé e ń sọ orílẹ̀-èdè tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, 99 fún Ìlú Ọba, 14 fún Faransé. Méje tí ó kù kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ó lè ya àwa Yorùbá lẹ́nu pé ẹnìkan á mọ̀ọ́mọ̀ fún nǹkan ní orúkọ tí kò ní ìtumọ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá kọ àwọ̀ tàbí ìlú tí a ti ṣe nǹkan mọ́ orúkọ rẹ̀, tí a wá kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú mìíràn, orúkọ ti di irọ́. Nọ́ńbà tí kò sọ nǹkan kan kò lè purọ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a rò pé wàhálà tán. Dípò kí ó tán, ó gbèrú. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan kò lè ka àwòrán tí ti òmíràn yà. Ní 1984 àjọ òṣùwọ̀n àgbáyé tí a ń pè ní ISO, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1947, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìlànà kan tí gbogbo kọ̀ǹpútà lè fi gbé ìròyìn ohun tí a ṣe fún ara wọn. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ tó jáde, ní 1994. Síbẹ̀, ní 1999, ọkọ̀ òfuurufú aláìlénìyàn tí Amẹ́ríkà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ṣègbé nígbà tí ó dé ọ̀hún, nítorí àwọn kan lórí ilẹ̀ ń fi pọ́ọ̀nù ka agbára tí ń tì í, àwọn tí ń gba ìṣirò náà sì rò pé newton ni. Ní 2006 bákan náà, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ńlá Airbus A380 rí i pé wáyà tí a ti gé ní Hamburg kúrú nígbà tí a fẹ́ tò ó sínú ọkọ̀ ní Toulouse. Irú ètò kọ̀ǹpútà méjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, ni wọ́n ń lò ní ìhà méjèèjì. Wáyà tí ó wà nínú ọkọ̀ kan ju kìlómítà 500 lọ, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan láti tún un ṣe. October 2007 ni wọ́n tó fi ọkọ̀ àkọ́kọ́ lé ẹni tí ó rà á lọ́wọ́.

Òkun Àríwá ni mo fẹ́ kí a dúró sí jù lọ. Ní 1969 wọ́n rí epo ní Ekofisk, lábẹ́ òkun Norway, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ní 1971. Orí pèpéle irin tí a gbé dúró sínú òkun ni iṣẹ́ yìí ti ń lọ. Ilé-iṣẹ́ kan ya àwòrán rẹ̀, òmíràn rọ irin rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn ta pọ́ǹpù, páìpù àti fáàfù fún un. Lẹ́yìn náà, a ó lò ó fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, a ó tún un ṣe, a ó sì tú u palẹ̀ níkẹyìn. Kọ̀ǹpútà tí a fi ya àwòrán rẹ̀ á ti di ìdọ̀tí tipẹ́. Ẹni tí ó yà á á ti fẹ̀yìn tì. Bí ó bá di òru, tí fáàfù kan ń jò, kí ni òṣìṣẹ́ tí ó wà lórí òkun yóò kà?

Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ POSC Caesar sílẹ̀ ní Norway ní 1997, tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti àwọn tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ fi jọ ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ kan. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni ISO 15926. Apá kejì rẹ̀, tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, jáde ní 2003. Àkójọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2007. Ohun kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ náà ní àmì ìdánimọ̀, ó ní àlàyé, ó sì ní òbí: pọ́ǹpù tí ń fi yíyípo ti omi jẹ́ ọmọ pọ́ǹpù, pọ́ǹpù jẹ́ ọmọ ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè máa pe nǹkan rẹ̀ bí ó ti ń pè é nílé. Bí ó bá ti fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, yóò tọ́ka sí àkójọ yẹn.

Ọgbọ́n kan wà nínú ìlànà yìí tí ó wù mí púpọ̀, oyè ni n ó sì fi ṣe àpèjúwe rẹ̀. Bí Aláàfin kan bá wàjà, òmíràn a gun orí ìtẹ́. Oyè kò yí. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ó yí. Nítorí náà bí ẹnìkan bá ní, "Aláàfin ni ó ṣe báyìí," akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ó gbọ́n á bi í pé, "Aláàfin wo?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni lórí pèpéle epo. Bí àwòrán bá sọ pé P-101, àyè pọ́ǹpù kan ni ó ń sọ, àti iye epo tí pọ́ǹpù àyè náà gbọ́dọ̀ máa tì. Oyè ni P-101. Pọ́ǹpù gan-an tí a gbé síbẹ̀ ní nọ́ńbà tí ẹni tí ó ṣe é tẹ̀ sí i lára, òun ni ó jẹ oyè. Bí ó bá bàjẹ́, a ó rọ̀ ọ́ lóyè, a ó fi òmíràn jẹ. Ti àkọ́kọ́ á lọ sí ilé ìtúnṣe, ó sì lè padà wá jẹ P-205 ní ibòmíràn, èyí tí ọba kò lè ṣe. Bí ìwé bá da oyè àti olóyè pọ̀, ẹni tí ó fẹ́ mọ iye ìgbà tí pọ́ǹpù kan ti kọṣẹ́ yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn sí i lọ́rùn, yóò sì sọ èyí tí ó dára nù.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ní 2004, NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó òṣùwọ̀n, ṣírò ohun tí àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín kọ̀ǹpútà ná àwọn tí ń kọ́ ilé ńlá àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ní dọ́là bílíọ̀nù 15.8 ni ní 2002 nìkan. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ kò bọ́ sọ́rùn àwọn tí ó yà á tàbí àwọn tí ó kọ́ ọ. Ọrùn àwọn tí ó ni ín, tí wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́, ni ó bọ́ sí. Àwọn ni wọ́n ń wá ìwé tí kò sí, tí wọ́n ń tún wọ ohun tí a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ àkójọ náà kò tíì parí. Ìdí ni pé olúkúlùkù fẹ́ràn orúkọ tí ó bá nílé baba rẹ̀, a kò sì tíì rí Whitworth kan tí yóò kó gbogbo wọn sórí tábìlì kan. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí àwọn tí ń tọ́jú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ń pamọ́: wọn kì í pa àmì ìdánimọ̀ tí ó ti wọlé rẹ́, wọn kì í sì fi í fún nǹkan mìíràn. Bí a kò bá lò ó mọ́, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé a ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Epo ṣì ń jáde ní Ekofisk títí di òní, àwọn kan tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni a kò sì tíì bí nígbà tí a kọ ìwé tí wọ́n ń kà.