Àbàtà Etí Ọ̀sà àti Ìṣọ́ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ilẹ̀ tí kì í ṣe omi, tí kì í sì í ṣe ìyàngbẹ, tí omi òkun ń gùn lọ́wọ́ ọ̀tún tí omi odò ń ya sí lọ́wọ́ òsì, ni à ń pè ní àbàtà etí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ẹja ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ sì ni ìkún omi ti ń sinmi kí ó tó wọlé onílé. Ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, a ti da yanrìn sí púpọ̀ nínú rẹ̀, a sì ti kọ́lé lé e. Ìṣọ́ àbàtà ni kí a máa wọn omi rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ àti ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ lójú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lè mọ ohun tí ó ti jẹ́ rí.

Ẹ wo ìdí tí ìṣọ́ náà fi gbọ́dọ̀ pẹ́: nítòsí Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, ní Èkó, ni kánáàlì Òkè-Afa wà. Ewéko olódòdó àlùkò kan, Eichhornia crassipes, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣẹ̀ wá, tí a sì kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ wa ní 1984 nígbà tí ó gba ojú omi láti Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì, ti di onílé níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu: ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn tí ń sá àsálà já sí kánáàlì yìí nínú òkùnkùn, ewé tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ jọ ilẹ̀ lójú wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́, omi sì gbé wọn lọ. Àwọn tí ìjàǹbá náà pa lé ní 1,000.

Ẹ kíyè sí oṣù náà. Ewéko yìí kò fara da iyọ̀. Nínú ọ̀sà, ìgbà òjò tí omi dùn ni ó ń gbilẹ̀, bí ẹ̀rùn bá dé tí omi òkun wọlé, a rọ. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rùn gan-an ni ó bo Òkè-Afa, níbi tí omi ìdọ̀tí ojúlé ti ń bọ́ ọ. Ẹni tí ó bá wọn omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì pa ìwé rẹ̀ dé, irọ́ ni ó kó lọ sílé láìmọ̀.

Irinṣẹ́ ìṣọ́ kì í ṣe awo. Àwo funfun pẹlẹbẹ kan wà tí àlùfáà ará Ítálì, Angelo Secchi, dán wò ní 1865: a so okùn mọ́ ọn, a rọra sọ ọ́ sínú omi níhà ibi tí ọkọ̀ ṣíji bò, bí ojú kò bá rí i mọ́, a di okùn mú níbi tí omi dé, a wọ̀n ọ́n, a kọ ọ́ sílẹ̀. Láti 1972 ni sátẹ́láìtì Landsat náà ti ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Nípa ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀, ìwádìí tí M. B. Hill àti J. E. Webb tẹ̀ jáde ní 1958 ni àwọn onímọ̀ ṣì ń fi òde òní wé. Ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, dé ní 1975.

Ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà, wọ́n yan nǹkan bí 390 ibi ìwọ̀n sí etí òkun wọn láti 2003, kí wọ́n lè fi àbàtà tí a tún ṣe wé èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Mo rò pé ìyẹn ló yẹ kí ó ṣáájú igi gbígbìn. Igi ẹ̀gbà tí a gbìn síbi tí omi kò tíì padà sí ipò rẹ̀, kíkú ni yóò kú.

Ní ti ewéko Òkè-Afa, kíkó o kúrò lójú omi nìkan kò tó, nítorí irúgbìn rẹ̀ lè sùn nínú ẹrẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hù; ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí a gbá kánáàlì náà mọ́ lè ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì kí irúgbìn náà tó jí.