Láti Ọ̀wẹ̀ Oko dé Ọ̀wẹ̀ Kọ̀ǹpútà

Ilua wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Kí katakata tó dé, ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa ń gbà ṣe iṣẹ́ tó bá ju agbára ẹnì kan lọ. Èkíní ni àáró: bí a bá kọ ebè ní oko Àjàní lónìí, oko Àlàbí ló kàn lọ́la. Gbèsè ni, a sì gbọ́dọ̀ san án. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá nílẹ̀, bí ilé kíkọ́ tàbí iṣẹ́ oko àna, yóò bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀, yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu tọ́jú wọn.

Ọ̀wẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà báyìí. Wọn yóò gé iṣẹ́ ìṣirò ńlá sí wẹ́wẹ́, kọ̀ǹpútà olùyọ̀ǹda kọ̀ọ̀kan yóò gba tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò ṣe é, yóò sì dá èsì padà. Ní 1996, George Woltman fi irú ètò yìí bẹ̀rẹ̀ GIMPS, láti wá àwọn nọ́ńbà ńlá tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi pẹ̀lú ara wọn àti 1. Ní 1999, Yunifásítì California ní Berkeley gbé SETI@home jáde. Níbẹ̀ náà ni David Anderson ti bẹ̀rẹ̀ BOINC ní 2002, kí oríṣiríṣi ìwádìí lè máa lo irinṣẹ́ kan náà. Èyí tó kàn wá jù ni malariacontrol.net, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ayé ní 2006. Àwọn onímọ̀ ní Switzerland ló fi ṣírò bí ibà ṣe ń tàn ká ní Áfíríkà àti bí a ṣe lè kápá rẹ̀, kí iṣẹ́ náà tó parí ní 2016.

Linux pàápàá, ọ̀wẹ̀ ni. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, àwọn olùyọ̀ǹda sì kún un lọ́wọ́. Debian tẹ̀lé e ní 1993. Fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́, Debian pẹ̀lú Xfce la fara mọ́, nítorí kò jẹ mẹ́mórì púpọ̀. Ẹ fi boinc-client sí i. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, òun náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yìn iṣẹ́ onílé ló ń tò sí: bí ẹ bá ní nǹkan ṣe, á yẹ̀ fún yín.

Àtúntò ló kù. Ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí bátìrì. Bí ẹ̀rọ bá ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, ẹ fún un ní méjì, nítorí ooru ọ̀gbẹlẹ̀. Ó máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fa àkókò yìí gùn, torí iná kì í dágbére kó tó lọ. Ẹ sì lè ní kó máa lo dátà ní òru nìkan.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ ká gbójú fò. Nínú ọ̀wẹ̀ Ilua, oníṣẹ́ ló ń bọ́ àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́. Nínú ọ̀wẹ̀ kọ̀ǹpútà, olùyọ̀ǹda ló ń bọ́ ara rẹ̀: òun ló ń san owó iná, òun ló ń ra dátà. Máàkì ni BOINC ń ka fún un, máàkì kò sì ṣeé ná lọ́jà. Nítorí náà, èrò wa ni pé kí á ṣe é nígbà tí iná NEPA bá wà tàbí tí sólà bá ṣẹ́kù, kí á má tìtorí rẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀. Ibà tí wọ́n ṣírò nígbà náà, ibà tiwa ni. Ó yẹ kí ọwọ́ wa wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn baba wa kò fi ebi ṣe ọ̀wẹ̀ rí.