Festac Town: Ta Ni Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Yorùbá ni a fi irú ọgbọ́n yìí dá sílẹ̀. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Nígbà tí ìlú bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kì í mójú kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Festac Town gbà dáyé. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ní agbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú náà fún àwọn tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, tó wáyé láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nígbà tí àlejò tú ká, kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti pín ilé. Báyìí ni Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó àti Hausa ṣe di aládùúgbò ní òpópónà tí nọ́ńbà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí ìdílé kankan nínú wọn tó lè ní òun ló tẹ̀ ẹ́ dó.

Ní oṣù kẹsàn-án 1976 ni ìjọba Ọbásanjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ní 1979, Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Èkó. Ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ kí ọmọ má baà máa pín ilé-ẹ̀kọ́ lò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Àwọn alátakò pè wọ́n ní ilé adìẹ, ṣùgbọ́n ọmọ tálákà rójú kàwé níbẹ̀. Oore ńlá ni. Síbẹ̀, níbi tí ìjọba ti kọ́ ilé, títì àti ilé-ẹ̀kọ́, ará ìlú tètè kọ́ láti máa wí pé, "Tìjọba ni." Bí òrùlé bá jò, Aláúsá ni gbogbo ojú ń wò.

Ìjọba náà rí àléébù yìí. Láti 2005 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí òbí, olùkọ́ àti aṣáájú àwùjọ yóò jókòó sí. Ní 2009, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 95 mílíọ̀nù dọ́là tí ìpínlẹ̀ Èkó yá fún ètò Eko Project, tó fún ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba lówó àtúnṣe nígbà náà.

Ta ni kí a wá pè jókòó? Bí a bá pe ọba àti baálẹ̀ nìkan, ará Festac di àlejò. Bí a bá pe alága àdúgbò, pásítọ̀, lémọ́ọ̀mù àti ìyálọ́jà Festac nìkan, onílẹ̀ di òǹwòran. Bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ọmọ àwọn méjèèjì jókòó sí.

Ìpè nìkan kò sì tó. Ọjọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn ni a sábà máa ń rántí àwọn àgbà wọ̀nyí, kí wọ́n wá dáwó, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ẹ fi ìwé owó hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ iye olùkọ́ ìṣirò tó wà nílẹ̀, kí wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè èyí tí kò sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí a ti ìlẹ̀kùn ọjà mọ́, kí ni yóò rí tún ṣe?