Ọjọ́bọ̀ kan ní etí odò Kaladan

Ọmọ Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni Isaac Fadoyebo. Ó kú ní 2012, lẹ́yìn tó ti gbé ọjọ́ kan ṣoṣo sọ́kàn fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ náà ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà, 1944. Mo fẹ́ tọ ọjọ́ náà láti ìdájí títí di òru, nítorí inú wákàtí rẹ̀ ni a ti lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ogun pa pàdé.

Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n. Ọmọ ọdún 16 ni Isaac nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942. Àwọn tó bá jẹun, tó bá sùn, tó bá wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ló di ẹbí rẹ̀, ní ọjọ́ orí tí ọmọkùnrin máa ń yan àwọn tí wọ́n jọ máa dàgbà. Ọmọ ọdún 18 ni lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Ìdájí

Ojú omi ni Isaac àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà wá. Ọkọ̀ ọparun tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n ń tù lórí odò Kaladan, ní ilẹ̀ Arakan ní Bọ́mà, nítorí pé igbó ibẹ̀ kì í gba mọ́tò. Onítọ̀ọ́jú ni wọ́n, kì í ṣe ajagun. 29th Casualty Clearing Station ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé ẹni tí ìbọn bà wá, kí wọ́n di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́yìn. Dókítà Òyìnbó wà láàárín wọn, ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọmọ Sàró sì pọ̀.

Abẹ́ 81st (West Africa) Division ni wọ́n wà. Aláǹtakùn ni àmì àwọn ọmọ ogun náà. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù gba orí òkè àti inú igbó kọjá. Oúnjẹ wọn àti ọta ìbọn wọn, òkè ni ọkọ̀ òfurufú ti ń jù ú sílẹ̀ fún wọn. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí apá ibẹ̀ nígbà ogun Hítílà. Bí àwọn àgbà wa bá sọ pé lágbájá lọ sí Bọ́mà, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ ṣe àlàyé kankan mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ogun ti yí padà. Àwọn ọmọ ogun wa ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìlú Kyauktaw, ṣùgbọ́n àwọn Jàpáàn ti ṣẹ́rí padà sí wọn, wọ́n sì ń jà kíkan láti gba òkè Pagoda tó wà níbẹ̀. Òkè náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ogun sì ní láti padà sẹ́yìn. Àárín ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onítọ̀ọ́jú yìí wà pẹ̀lú ọkọ̀ ọparun wọn.

Nígbà tí ojúmọ́ ń là lórí Kaladan, nǹkan bí aago kan òru ni ní Emùré-Ilé. Gbogbo ilé ti sùn.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù

Wọ́n ti gúnlẹ̀ sétí odò. Oúnjẹ òwúrọ̀ ló kàn.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí nínú ìtàn náà, n kì í fẹ́ kọjá. Ẹni tó bá ti gbé láàárín ẹgbẹ́ ọmọkùnrin rí mọ irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á máa wá ife rẹ̀. Ẹnì kan á máa kùn pé òun ni wọ́n máa ń rán lọ pọnmi. Ẹlòmíràn á ti máa bójú tó ìkòkò, kí ó má baà gbẹ̀yìn. Kò sí ìgbà tí ọ̀rẹ́ fi ń dà bí ọmọ ìyá bíi wákàtí oúnjẹ òwúrọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì.

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn Jàpáàn ti lúgọ dè wọ́n, ẹgbẹ́ náà kò sì mọ̀. Àwọn kan ṣubú níbi tí wọ́n wà gan-an, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó kọ lù wọ́n. Ọta ba Isaac lẹ́sẹ̀, ó fọ́ egungun. Ọta ba ikùn rẹ̀ náà. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó wo ara rẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọmọkùnrin yìí. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi ti egungun tó dá. Àwọn tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ náà, tí kálukú wọn ì bá fò dìde lọ tọ́jú ẹnì kejì. Kò sí ẹni tó lè dìde. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí ló ń dùn mí jù: gbogbo ohun tí wọ́n nílò ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò sì lè ṣe é fún ara wọn.

Ìyálẹ̀ta

Ìbọn rọlẹ̀. Àwọn Jàpáàn jáde wá wo àwọn tó ṣubú. Wọ́n rí i pé Isaac kò lè rìn, wọ́n fi í sílẹ̀ kó kú.

David Kagbo, sájẹ́ǹtì ọmọ Sàró, òun náà fara gbọgbẹ́, wọ́n sì fi òun náà sílẹ̀. Ìlú wọn kò bára tan, èdè ìyá wọn kò sì jọra. Láti wákàtí yìí lọ, àyànmọ́ ti so wọ́n pọ̀.

Ọ̀sán gangan

Oòrùn ti dé àtàrí ní Kaladan. Aago méje òwúrọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Emùré-Ilé. Ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Àsìkò náà ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ọ̀wọ̀ máa ń sun oko, tí wọ́n ń retí òjò àkọ́rọ̀ kí wọ́n lè gbin iṣu. Ẹni tó bá lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ bó ti máa ń lọ ni. Ó ti tó wákàtí mélòó kan tí ìbọn ti ba ọmọ abúlé wọn, kò sì sí ohun tó lè ké sí wọn láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó fara pa dùbúlẹ̀ sínú ooru. Òùngbẹ ni ọ̀tá ẹni tó ti sọ ẹ̀jẹ̀ nù púpọ̀, odò sì wà nítòsí wọn.

Ìrọ̀lẹ́ àti òru

Oòrùn wọ̀ lórí Kaladan nígbà tí aago kan ọ̀sán ń sún mọ́ ní Emùré-Ilé. Àwọn tó kú ní òwúrọ̀ wà níbi tí wọ́n kú sí. Àwọn tó ṣẹ́kù kò tíì mọ̀ pé, ní àwọn ọjọ́ tó ń bọ̀, àwọn náà á máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Isaac á sì máa wò wọ́n, títí tí yóò fi ku òun àti Kagbo.

Ohun tó tẹ̀ lé e gùn. Àwọn ará abúlé, Mùsùlùmí, gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Shuyiman, àgbẹ̀ kan láàárín wọn, kó wọn sínú ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Bí àwọn Jàpáàn bá mọ̀, gbogbo ilé náà ni wọn ì bá pa. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sá pamọ́ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ní oṣù Ọ̀pẹ, 1944. Isaac dé ilé ní 1945, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ní 1999 ni yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé náà jáde: *A Stroke of Unbelievable Luck*. Ní 2011, Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn Al Jazeera, gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman. Ara Rohingya ni ìdílé náà, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 700,000 nínú wọn sá kúrò nílé lọ sí Bangladesh láti oṣù Ògún 2017. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn bí a bá ń gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn.

Ogun Biafra tó dé Ọ̀rẹ̀ ní 1967 ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu wa. Gbogbo Yorùbá ló mọ “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀”. Kaladan kò ní irú rẹ̀. Orúkọ tó sún mọ́ 27,000 ni wọ́n fín sára òkúta ìrántí ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, orúkọ àwọn tí a kò mọ sàárè wọn, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ọ̀nà jìn láti Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, a máa ń gbé òdòdó fún àwọn ọmọ ogun tó ti kú, a sì máa ń pe gbogbo wọn ní akọni lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ iléèwé kan láti Emùré-Ilé síwájú, kí ó ka ojú ìwé tí Isaac Fadoyebo ti sọ nípa òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn sókè, kí gómìnà àti àwọn ológun dúró gbọ́ ọ títí tí yóò fi kà á tán.